Lẹ́tà ṣíṣí sí akéwìbìnrin tó ní òun kò kéwì mọ́

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

N kò ní dárúkọ rẹ. Ẹni tó bá wà níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìlú wa tó kọjá yóò mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tí kò sì sí níbẹ̀ lè rí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mú níbẹ̀. Àbúrò ìyá rẹ ló sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà o ti di ìwé ewì rẹ sínú ọ̀rá, o tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kí o wá kéwì níbi ìgbéyàwó, o ní o ti fi iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi ọ́ léèrè ìdí rẹ̀, o ní, "Ẹni tí kò bá kéwì, ta ni yóò bá a wí?" Òótọ́ ni o sọ. Òótọ́ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi mú gègé.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù kí n sọ gbogbo èyí fún ọ ní bòókẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n gbangba ni wọ́n ti já ọ lulẹ̀, mo fẹ́ kí èsì mi náà wà ní gbangba. Àwọn kan sì wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ tí wọn kì í gbé fóònù mi.

Mo wà lábẹ́ kánópì lọ́jọ́ náà. Ìyá bàbá rẹ ni o ń kì, màmá tó fi kíjìpá híhun rán ọmọ níléèwé. Ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Bí o ṣe dé ibi tí o ti ní ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ní í fi í gbọgbẹ́, bàbá kan dìde, wọ́n na ọ̀pá sókè: "Irọ́ ni o! Ilé yín kì í ṣe Oníkòyí! Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ oríkì, ẹ̀ ń kì í!" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Onídùndún gan-an fi ìlù gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. O dúró, o wolẹ̀, o ní kí wọ́n má bínú, o sì sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan gba máìkì tó ní ohun tí o ṣe kì í ṣe ewì rárá, pé ìtàn lásán ni. Ẹnìkan lẹ́yìn mi sì sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ohùn rẹ tí n kò ní tún sọ.

Jẹ́ kí n mú ọ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ.

Adébóyè Babalọlá, ọmọ Ìpetumodù, tẹ ìwé kan jáde lórí ìjálá ní 1966, lẹ́yìn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ́tí sí àwọn asunjálá. Ó ṣàlàyé ohun kan níbẹ̀ tí ẹni tó bá ti jókòó lágbo ọdẹ rí kò ní jiyàn rẹ̀: asunjálá kì í sun ìjálá fún òpè. Àwọn tó yí i ká, àwọn náà gbọ́ ọ. Wọ́n ń fetí sí ohùn rẹ̀, wọ́n sì ń fetí sí i bóyá ó ki ẹranko náà, tàbí igi náà, tàbí orílẹ̀ náà, bó ti yẹ kí a kì í. Bó bá ṣì í kì, wọn kì í dúró dìgbà tí agbo bá tú. Ẹnìkan á já a gbà lẹ́nu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìjálá náà ni yóò sì fi bá a wí: o ti ṣìnà, irọ́ lo pa, Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀. Lójú gbogbo ayé! Àwọn bàbá wa kò fi òwú yí ọ̀rọ̀ fún ara wọn.

Èyí tó wù mí jù ni ohun tí ẹni tí wọ́n bá wí ń ṣe. Kì í sọ̀ kalẹ̀. Èsì ti wà lẹ́nu rẹ̀, ìjálá lòun náà sì fi ń dá a padà: ojú òun kòrókòró ni wọ́n ṣe bí ẹni tí òun ń kì, báwo ni òun yóò ṣe wá ṣì í? Á ní kí ẹtà má ṣe tọ ipa ọ̀yà, kí ọ̀yà má ṣe tọ ipa ẹtà, kí ẹranko kọ̀ọ̀kan máa bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ní ojú òun ni wọ́n ṣe bí ti kú kí wọ́n tó bí òun fúnra rẹ̀. Kò kan ẹnikẹ́ni. Agbo á hó, eré á máa lọ, ẹni tó gbọ́ ìjálá lálẹ́ ọjọ́ náà á sì padà sílé pẹ̀lú ìtàn Ìrè lọ́nà méjì.

Wàá ní àwọn yẹn láyà. Mi ò rò pé ìyàtọ̀ àárín yín wà níbẹ̀. Ọmọṣẹ́ asunjálá á tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, á máa gbè é, á máa sọ ohun tí ọ̀gá bá sọ, wọ́n á máa bá a wí nílé, wọ́n á máa bá a wí lọ́nà oko. Nígbà tí yóò bá fi dá dúró lójú agbo, ìbáwí ti di ohun tó mọ̀ dunjú, ti ìta kò lè bá a lójijì mọ́. Ìwọ ńkọ́? Inú yàrá rẹ ni o ti kọ́ ewì, ìwọ nìkan, pẹ̀lú ìwé àti ohùn àwọn àgbà tí o ń gbọ́ nínú fóònù. Kò sẹ́ni tó gbà á lẹ́nu rẹ rí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹnìkan máa sọ fún ọ pé "ibí yìí kò tọ́," gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀. Ta ni kò ní sọ̀ kalẹ̀?

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o wá ni èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa gbọ́ ọ kí ìta tó gbọ́. Má wá àwọn tó fẹ́ràn rẹ jù. Wá ẹni tó bá gbọ́ ewì tó ń sùn lọ, tó sì lè sọ fún ọ pé ibi báyìí ni oorun ti gbé òun.

Ohun kan tún wà. O kò júbà lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ bí atọ́kùn ètò ṣe ń pariwo ìṣẹ́jú márùn-ún lé ọ lórí, mo sì mọ̀ pé ìdí tí o fi fò wọ inú ewì nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bá júbà ti sọ fún àgbà tẹ́lẹ̀ pé àwọn mọ̀ ju òun lọ, ó ti gba ìyọ̀ǹda kí ó tó ṣì í. Bí ẹ̀kọ̀ló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu fún un. Ká ní o ti dárúkọ àwọn àgbà ìlú tó jókòó síwájú rẹ, mo lérò pé bàbá yẹn ìbá gbé ọ̀pá wọn sílẹ̀ títí o fi ṣe tán. Àwọn tó ń ṣètò ayẹyẹ ní láti mọ èyí náà: ìbà kì í ṣe ohun tí a ń gé kúrò kí àsè lè yá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí oríkì fúnra rẹ̀. Mo ṣe ìwádìí. Ìyá bàbá rẹ, ọmọ Oníkòyí ni wọ́n, ilé bàbá tiwọn ni. Obìnrin kì í sọ orílẹ̀ rẹ̀ nù sílé ọkọ. Bí wọ́n bá ń ki ìyàwó ilé láàárọ̀, oríkì ilé tí wọ́n ti mú un wá ni wọ́n fi ń kì í. Ohun tí o sọ tọ̀nà. Bàbá ni ó ṣì í, o sì mọ̀ bẹ́ẹ̀! Kí ló dé tí o kò fọhùn? "Bàbá mi, mo júbà yín, n kò ki ilé wa, màmá ni mò ń kì, ọmọ Oníkòyí ni wọ́n kí wọ́n tó di ìyàwó wa." Gbólóhùn kan péré. Onídùndún tó ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín ìbá yíjú ìlù sí ọ̀dọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀kan náà, mo mọ àwọn onílù.

Ṣùgbọ́n dúró ná, má tíì dunnú. Mo tún ewì náà gbọ́ nínú fóònù ẹni tó gbà á sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n ti dá ọ dúró, "ilé wa" ni o ń pè: ilé wa tó ní òwú, ilé wa tó ní aró, ilé wa tí kì í fi ìhòòhò ránṣẹ́. Kò sí ibì kankan tí o ti sọ fún wa pé ibòmíràn ni màmá ti wá. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀, ilé bàbá rẹ ni mo rò pé o ń kì. Ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ kò tọ̀nà, àmọ́ ibi tí wọ́n nawọ́ sí, ibẹ̀ gan-an ni ihò wà nínú ewì náà. Ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń rí i, ó sì lè máà mọ ohun tó mú kí ó wọ́, ó kàn mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ti yà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí àwọn tó ń kọ nǹkan fi àlàyé ẹni tó bá wọn wí sílẹ̀ ná, kí wọ́n wo ibi tó dúró sí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àlàyé rẹ̀ kì í wúlò. Ibi tó ti kọsẹ̀ ló wúlò.

Ọkùnrin tó gba máìkì kò nawọ́ sí ibì kankan. Ó kàn ní kì í ṣe ewì. Ewì tí òun ń pè ní ojúlówó, orí rédíò àti inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ló ti gbọ́ ọ, lẹ́nu àwọn bíi Lánrewájú Adépọ̀jù àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀. Ohun àrà ni ìyẹn náà nígbà tó dé, ìyá ìyá rẹ̀ sì lè bi í pé irú ewì wo ni èyí tí kò ní agbo, tó jẹ́ pé inú àpótí ni ẹni tó ń kéwì wà. Ohun tó wù ú ló sọ. Dá a lóhùn pé o gbọ́, kí o sì máa bá tìrẹ lọ.

Ní ti ẹni tó wà lẹ́yìn mi, Oníkòyí kì í gbọfà lẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èébú kì í ṣe ọfà. Kọ ẹ̀yìn sí i.

Mo yà sọ́dọ̀ ẹ̀yin àgbà díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ kú ìtọ́jú àṣà. Mi ò ní kẹ́ ẹ má bá ọmọ wí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ìbáwí ló ń tọ́ asunjálá ni. Àmọ́ àwọn ọdẹ tí wọ́n ń já ìjálá gbà lẹ́nu ara wọn, wọ́n ti kọ́ ara wọn kí wọ́n tó máa bá ara wọn wí. Bàbá tó na ọ̀pá sókè yẹn, mo mọ̀ wọ́n, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Oríkì orílẹ̀ tó wà lórí wọn, ọmọ yìí lè máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọdún kan kí ó má tán. Ta ni wọ́n ti fi lé lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Kẹ́ ẹ tó mú agbo rẹ́rìn-ín, ẹ pe ọmọ náà sílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi àmì ohùn lé àwọn ọ̀dọ́ sá kúrò nídìí Yorùbá kíkọ, ẹ rọra. Àmì ṣe pàtàkì, èmi náà ń fi sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ D. O. Fágúnwà jáde ní 1938, "aiye" àti "nwọn" ni wọ́n ń kọ nígbà náà, nítorí ọdún 1974 ni ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò lónìí. Bí ẹ bá fi òfin tòní wọn ìwé náà, ẹ ó fi bírò pupa kùn ún títí yóò fi dà bí ẹni fẹ̀jẹ̀ wẹ̀. Síbẹ̀ ẹ kà á, ẹ sì rẹ́rìn-ín.

Ìwọ àbúrò mi, mo padà dé.

O lè bi mí pé bí ó bá wá jẹ́ pé ibi tí èèyàn wà ni wọn kò ti fẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn náà ń ṣẹlẹ̀. Dúró Ládípọ̀ ní Òṣogbo, olùkọ́ ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni tọkàntọkàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó kọ orin Àjíǹde fún ìjọ rẹ̀, ó sì fi ìlù ilẹ̀ wa sí i. Àwọn kan nínú ìjọ kò gbà á, wọ́n ní ìlù òrìṣà kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Mo ti rò ó títí, n kò lè sọ pé gbogbo wọn ló burú: àwọn èèyàn tí wọ́n ti fi ìlù yẹn sílẹ̀ tìtorí ìgbàgbọ́ wọn ni, ọ̀rọ̀ náà sì dùn wọ́n dé egungun. Ládípọ̀ ìbá lè yọ ìlù kúrò. Kò yọ ọ́. Ó kó orin rẹ̀ lọ síbi tí etí ti wà fún un. Ní 1962, ibi tó ti ń ta ọtí ní Òṣogbo di Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà tí ẹni tó ń lọ lójú títì lè yà sí. Ní 1963, eré rẹ̀, Ọba Kò So, jáde níbẹ̀. Ní 1964 ó ti dé Bẹ̀líìnì ní Jámánì, ọdún tó tẹ̀ lé e ó dé ìlú Ọba. Ìlù náà kan náà ni!

Nítorí náà ìbéèrè méjì ni kí o máa bi ara rẹ bí wọ́n bá ní iṣẹ́ rẹ kò dára: ṣé iṣẹ́ náà ni, àbí ibi tí mo gbé e sí? Ìyẹn kò ní kí o sá fún ìlú rẹ o. Ewì ìyá bàbá rẹ, ìlú yìí ló ni ín.

Ìgbà mìíràn sì wà tí ẹni tó ń bínú sí iṣẹ́ ẹni, ẹ̀rù tirẹ̀ ló ń bà á. Wo Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó, tí kò kàwé púpọ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ ìtàn ọ̀mu-ẹmu rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, àwọn òyìnbó yìn ín. Nílé níbí, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé wa bú u: gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán, ó kàn ń tún àlọ́ tí gbogbo wa mọ̀ pa, òyìnbó yóò sì rò pé bí gbogbo wa ṣe rí nìyẹn. Gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn dáadáa. Kò sí ìwé Tutùọlá nínú rẹ̀. Ojú tó ń tì wọ́n níwájú àlejò ló wà níbẹ̀, wọ́n wá gbé e lé ọkùnrin náà lórí. Tutùọlá kò fi gègé sílẹ̀, ìwé rẹ̀ ń jáde títí dé 1990. Àwọn ará ilé tó sì fẹ́ ìtàn náà kò dúró de àwọn ọ̀mọ̀wé: ní 1963 Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti gbé e sórí ìtàgé ní Ìbàdàn, ní Yorùbá, pẹ̀lú orin àti ìlù.

Mo fẹ́ sọ ohun kan fún ọ tí o kò mọ̀, nítorí o ti sá lọ sílé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ayẹyẹ, mo lọ ra àkàrà ní ìkóríta. Oníbàárà kan ń ráhùn pé àkàrà òun ti dúdú jù. Ìyá alákàrà wò ó, ó ní, "Àkàrà tí kò bá jóná rí, kò mọ ọwọ́ tó ń yí i." Mo dúró sójú kan. Nínú ewì rẹ, "òwú tí kò bá já rí, kò mọ ọwọ́ tó ń so ó" ni. Ìyá yìí ti gbà á, ó ti ṣì í sọ, ó sì ti fi ṣe tirẹ̀. Má bínú, ti ìyá alákàrà dùn ju tìrẹ lọ. Mo bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní òwe àtijọ́ ni.

Òwe àtijọ́, tí o kọ nínú yàrá rẹ!

Mi ò mọ adùn tó ju ìyẹn lọ nínú iṣẹ́ yìí. Owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ni níwájú orí dára, kí Ọlọ́run má jẹ́ ó tán, ṣùgbọ́n ọjà ọ̀la ló ń gbé e lọ. Ẹni tó ń pàlọ́ tó ní "Àlọ́ o!" tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn pé "Ààlọ̀!", kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ewì rẹ náà, ohùn ẹlòmíràn ló ń parí rẹ̀, àtẹni tó gbà á sọ, àtẹni tó gbà á ṣì sọ, àti bàbá tó na ọ̀pá. Bàbá yẹn fetí sílẹ̀ débi pé ìlà kan ṣoṣo gbé wọn dìde lórí àga. Mélòó nínú àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún àwọn òṣèré yòókù lọ́jọ́ náà ló rántí ìlà kan?

Ní báyìí, èmi náà ní tèmi láti sọ sí ewì ọ̀hún, kí o má rò pé ìyìn ni mo wá ṣe. Ibi tí o ti ń ṣàlàyé bí aró ṣe ń mú aṣọ gùn jù. Ṣókí ni kí o ṣe é, a mọ aró. "Bí omi ṣe ń ṣàn" wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yọ méjì. Dárúkọ Ìkòyí kí o tó dé orí ẹ̀ṣọ́, ìlà kan ti tó. Ìparí rẹ̀, ibi tí màmá ti ń hun aṣọ tí wọn kò ní rí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, má fọwọ́ kàn án rárá, ẹnikẹ́ni tí ìbáà sọ ohunkóhun sí i.

Bí o kò bá fara mọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀, fún mi lésì, kí o jẹ́ kó gbóná. Lẹ́yìn náà, mú obì lọ sílé bàbá tó na ọ̀pá yẹn. Mo ti sọ fún wọn pé o ń bọ̀. Wọ́n ní oríkì Oníkòyí tí o mọ̀ kò tó ìdajì.

Àwọn onígbèéyàwó sì ní kí n bá àwọn sọ fún ọ pé àwọn kò tíì gba akéwì mìíràn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.